Nígbà Tí Ìjáyà Padà Dé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ lóde àríyá, ṣùgbọ́n ó tó sọ.

Àìsàn ìjáyà ni. Kì í ṣe ojo. Àyà yóò ṣàdédé máa lù kìkìkì, èémí yóò máa sáré, ìka yóò kú tipiri, ẹni náà yóò sì gbà pé ikú dé. Ó ṣe wá rí nígbà tí a wà ní yunifásítì nílé. A gba ìtọ́jú, ó sì lọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àfi bí ó ṣe tún kì wá mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹwàá tó kọjá, ní ọ̀nà abẹ́ odò Thames ní Woolwich.

Thamesmead tí à ń gbé kò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bọ́ọ̀sì ni à ń wọ̀ dé Woolwich. Bí ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1889, kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀nà abẹ́ odò ni ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. 1912 ni wọ́n ṣí i. Ó gùn tó mítà 504. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ibojì ni lójú wa.

Èyí tí ó dùn wá jù ni èrò tí ó tẹ̀ lé e, pé ọdún mẹ́fà ti ṣòfò. Láìpẹ́ a kò lè wọ Elizabeth Line tí ó dé Woolwich ní 2022. Ó kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì náà di èèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yìí ṣe ń sọ ayé ènìyàn di yàrá kan.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wí pé, "Ọmọ mi, ọwọ́ ayé rèé." A ṣe àmín sí àdúrà wọn. Dókítà yẹ ọkàn wa wò, kò rí nǹkan kan. A sì pe Talking Therapies ti NHS, tí ènìyàn lè pe fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti tún gbọ́ ohun tí David Clark ṣàlàyé ní 1986: àyà lù, a kà á sí ikú, èrò ikú sì mú àyà lù sí i. Èémí tó ń sáré ló ń pa ìka. Bí a kò bá sá, ìjáyà náà yóò dé góńgó, yóò sì rọlẹ̀. A ti mọ èyí tẹ́lẹ̀! Ìmọ̀ náà kò bá ọdún mẹ́fà lọ.

Ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, ìbátan wọn a sì bá wọn wá. Àwa náà wá ẹni bá wa lọ, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń gbé, tí kì í dákẹ́ lórí owó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tó yá ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìgbà kẹfà ilé ló wà, ó ń din dòdò. Àyà ṣì ń já, àmọ́ à ń kọjá.

Ó ku Elizabeth Line. Ẹni tí irú èyí bá ń ṣe, tí ó bá fẹ́ bá wa wọ̀ ọ́, kí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni a fẹ́ lọ, ìdíkọ̀ kan ṣoṣo ni a ó kọ́kọ́ wọ̀.