Iyọ̀ Ara Bàtà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn sí olùkọ́ àgbà kan ní Bárígà. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Chicago wá bàtà tí ó le fún òun, nítorí ẹrẹ̀ àdúgbò nígbà òjò. Ọmọ náà fi búùtù aláwọ kan ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlà funfun yí i ká bí ipa omi lára ògiri. Bàbá fi pọ́líìṣì dúdú bò ó. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ìlà náà tún ti yọ. Inú bí i. Ó ní àlòkù tí ó ti bàjẹ́ ni ọmọ òun rò pé ó tọ́ sí òun.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kan ní Ṣómólú. Ẹni yẹn wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ má bínú, iyọ̀ ni. Irú rẹ̀ ni mo ń rí lára bàtà àwọn tí ń ná ẹja ní etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun bá wọ inú ọ̀sà."

Níbẹ̀ ni bàbá ti tẹ ọmọ rẹ̀ láago. "Ṣé inú òkun ni o ń rìn níbẹ̀ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Bí yìnyín bá bo títì, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i kí ó lè yọ́, nítorí omi oníyọ̀ kì í tètè dì bí omi lásán. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Èyí tí ó le jù nínú bàtà mi ni mo fi ránṣẹ́ sí yín."

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Aránbàtà wá ṣàlàyé pé pọ́líìṣì kì í lé iyọ̀ jáde, bíbò ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí awọ bá ti ń gbẹ, omi inú rẹ̀ a máa gbé iyọ̀ wá sí òde, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó po fínígà àti omi ní ìwọ̀n kan náà, ó rẹ aṣọ funfun sínú rẹ̀, ó fún un, ó sì nu gbogbo ojú awọ, kì í ṣe ojú ìlà nìkan, kí ìlà mìíràn má baà yọ níbi tí omi dé. Ó tún fi omi lásán nù ún. Ó ki àjákù ìwé bọ inú bàtà, irú èyí tí kò wọ́n ní Ṣómólú tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí, ó sì sá a sí ibòji, nítorí oòrùn a máa la awọ. Nígbà tí ó gbẹ, ó fi òrí díẹ̀ pa á, kí awọ lè rọ̀.

Ìlà náà kò yọ mọ́. Bàbá tún tẹ ọmọ rẹ̀ láago: "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀."

Kí a tó fi pọ́líìṣì bo àbàwọ́n, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó ti wá.