Bí Ìgbéyàwó Bá Gbé Yín Dé Àgbádárìgì

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ ṣe ìgbéyàwó wọn létí òkun ń pọ̀ sí i, Àgbádárìgì sì wà lára ibi tí wọ́n ń pè wá sí. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ àlejò a jẹun tán, wọn a gba ẹ̀bùn, wọn a sì kọrí sí Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú.

Ní òwúrọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi tí igi Agia wà rí. Abẹ́ igi yìí ni Thomas Birch Freeman ti wàásù ìyìn rere ní 1842. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n ohun ìrántí wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845. Àjàyí Crowther, tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì wa sí Yorùbá, gbé inú rẹ̀ rí.

Ẹ má ṣe fo ilé ẹrú Seriki Abass. Wọ́n ta òun náà lẹ́rú lọ sí Brazil rí, kí ó tó padà wá di oníṣòwò ẹrú! Ẹ mú àwọn ọmọ yín wọ inú àwọn yàrá tóóró náà.

Láti ibẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú. Ẹ ná owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì béèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Iyanrìn ni ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn, oòrùn á sì mú. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ fi gèlè àti bàtà gogoro sílẹ̀. Ẹ ó rí kànga kan tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Etí òkun ni ọ̀nà náà parí sí, níbi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadà.

Àwọn kan ń sọ pé ọjọ́ ayọ̀ kọ́ ni ènìyàn í lọ wo ibi ẹkún. A kò gbà. Òkun kan náà tí ìyàwó àti ọkọ ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ ẹlòmíràn gbà lọ, tí àwọn òbí wọn kò sì rí ìgbéyàwó wọn. Àlejò tó bá ti Brazil tàbí Amẹ́ríkà wá ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ìgbì rẹ̀ le. Kí ẹ sì padà kọjá ọ̀sà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá rí àwọn tó ń ta àgbọn tútù, ẹ bá wọn rà á.