Asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe oògùn tèmi

Mo ti mu àgúnmu, mo sì ti lo oògùn oníhóró, àìsàn kan náà ni mo tìtorí ẹ̀ lo méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ló dára jù, èmi náà máa ń bi í pé: ta ló mọ̀ pé ò ń lo èkejì? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ní abúlé kan ní agbègbè Adja-Ouèrè, nílẹ̀ Benin. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú sórí ìkúnlẹ̀, mo ṣì ń lọ síṣẹ́. Mò ń kọ déètì sójú pátákó, mò ń pe orúkọ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Tí mo bá ti jí lóru, oorun ò ní padà wá títí àwọn obìnrin á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáná epo. Ìwé àwọn ọmọ ń ga lórí tábìlì, n kò lè ṣí ọ̀kan. Nígbà tó yá, ikú bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó bá ní ọkàn òun ò lélẹ̀, wọ́n á ní kó gbé ọkọ́, kó lọ sóko.

Ìyá mi ló kíyè sí i pé mò ń rù. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn kan tí wọ́n mọ̀ dé Pobè, torí àwọn wèrè tó ti wò sàn. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ mi ju bí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ mi lọ. Ó wá lọ wa egbò asofẹ́yẹjẹ lẹ́yìnkùlé, ó bó èèpo rẹ̀, ó sá a, ó gún un kúnná. Ó ní kí n máa fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Kíkorò rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu bọ̀rọ̀.

Oorun dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n imú mi dí láìsí ọ̀fìnkìn, inú mi ń ṣí, bí mo bá sì dìde lójijì, òòyì á kọ́ mi. Ẹkún tí mo ti ń sun ní kọ̀rọ̀ dá, síbẹ̀ àyà mi wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé ń dúpẹ́ pé ara mi ti balẹ̀. Ó ti balẹ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Àjàṣẹ́ ló fi dandan lé e pé ká lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ti ń lò bọ̀ láti ilé?" Ẹ̀gbọ́n mi yára dáhùn pé kò sí nǹkan kan. Ìyá mi ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ àgúnmu tó dì sínú ọ̀rá, ó gbé e síwájú nọ́ọ̀sì: "Ọmọ mi, òun nìyí. Asofẹ́yẹjẹ ni." Nọ́ọ̀sì ò bínú, kò sì fi wá rẹ́rìn-ín. Ó wọn ìfúnpá mi, ó rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an, ló bá lọ pe dókítà.

Ohun tí dókítà sọ lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n máa wá ìwé kà. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine lára ìbátan asofẹ́yẹjẹ tó ń hù ní Íńdíà. Ó wà nínú tiwa náà. Ó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, ó sì ń mú kí wèrè tó ń jà rọ̀. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Arò, l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lo egbò náà. Arò yìí kan náà ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé láti 1954, tó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, bàbá oníṣègùn ò purọ́: oògùn gidi ló fún mi. Ṣùgbọ́n reserpine máa ń dín serotonin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kù nínú ọpọlọ, àwọn wọ̀nyí sì wà lára ohun tó ń darí bí inú èèyàn ṣe ń dùn tàbí bà jẹ́. Kó tó di 1960, àwọn dókítà rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ń mú àwọn kan tó ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe wọ́pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tó ń bá oògùn náà rìn ni pé kí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà má lò ó. Ohun tó ń pa ẹnu aláriwo mọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe fún ẹni tó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀?

Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń bá mi jà, ó ní kí n dá àgúnmu dúró, ó wá kọ amitriptyline fún mi, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti wà lórí àkọsílẹ̀ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1977. Kì í ṣe oògùn orí fífọ́ tí èèyàn ń lò láàárọ̀ kí ara yá lọ́sàn-án. Ẹnu mi gbẹ, ìgbẹ́ le, oorun kùn mí títí di ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀ kí n tó rí àǹfààní kankan. Ìyá mi ló ń tọ́jú hóró náà, tó ń yọ ti alẹ́ kọ̀ọ̀kan fún mi, torí bó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dá ọkàn dúró. Ohun àkọ́kọ́ tó padà bọ̀ sípò ni pé ẹ̀fọ́ yánrin tún ń dùn lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé àwọn ọmọ.

Àbúrò mi kan ní Paris gbọ́, ó fi ewé òyìnbó kan ránṣẹ́, millepertuis. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì ń ran ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò tíì le lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní n kò gbọ́dọ̀ pa á pọ̀ mọ́ hóró tèmi, wọ́n lè jọ ṣe èèyàn léṣe. Àti pé ó máa ń sọ oògùn kòkòrò HIV àti ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára. Ewé òyìnbó náà ní ọ̀tá tirẹ̀.

Owó hóró náà àti ọ̀nà jíjìn tún dán mi wò. Ẹni tó bá ń tajà oògùn lẹ́bàá títì ní Ikpinlè á ní òun ní gbogbo ẹ̀, pé Nàìjíríà ló ti wọlé. Ní 2017, ìjọba kó oògùn irú bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ní Adjégounlè, nínú ọjà Dantokpa ní Kútọnu. N kò rà á. Nígbà tí ara mi yá, n kò jáwọ́ lójijì. Wọ́n ní ó kéré tán, kí n lò ó fún oṣù mẹ́fà sí i lẹ́yìn tí ara bá ti le, kí dókítà tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá ń tijú kó rántí Grégoire Ahongbonon, ọmọ Kétoukpé nílẹ̀ wa yìí. Ó ń ṣe táyà, ó ní takisí ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, kí òwò tó dẹnu kọlẹ̀, tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú un débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Òun náà ló wá dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀, tó ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tó sì ń fi oògùn ilé ìwòsàn tọ́jú wọn. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou. Ti ìjọba wà ní Jacquot, ní Kútọnu.

Mo padà lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá oníṣègùn, mo sì fi hóró náà hàn án. Ó yí i wò lọ́wọ́, ó bi mí bóyá ó korò. Láti àsìkò yẹn títí dòní, mo máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn náà sì ń wò mí sàn. Ní báyìí, bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ń pariwo tàbí ó dákẹ́. Ẹni tó ń pariwo, ó ń gbà á. Ẹni tó dákẹ́, ó ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Pobè. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní gba adìyẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.