Ọba Tó Ń Já Ẹran Gbà ní Ngorongoro

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí jíìpù wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò Ngorongoro, ní orílẹ̀-èdè Taǹsáníà. Òkè ayọnáyèéfín kan ló rì wọnú ara rẹ̀ láyé àtijọ́, tó wá di kòtò ràbàtà tó jìn tó 600 mítà, tí koríko, adágún oníyọ̀ àti oríṣiríṣi ẹranko kún inú rẹ̀. Òtútù ń mú mi gidi. Ta ló tiẹ̀ sọ fún wa pé ilẹ̀ adúláwọ̀ kì í tutù?

Ariwo ìkookò la kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ti pa nyumbu kan, ẹranko oníwo tó nírùngbọ̀n, wọ́n sì bò ó pitimu. Ni akọ kìnnìún méjì bá yọ. Wọn ò sáré rárá, wọ́n kàn ń rìn bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ìrì ti lẹ irun gọ̀gọ̀ wọn mọ́ ọrùn. Kí wọ́n tó dé ìdí ẹran, àwọn ìkookò ti fọ́nká, tàwọn tẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Èyí tó dàgbà nínú àwọn méjèèjì fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ ìhà ẹran mọ́lẹ̀. A sún mọ́ wọn débi pé mò ń gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń họ ẹran lára egungun.

Ìwà yìí kì í ṣe tàwọn méjì yẹn nìkan. Hans Kruuk, onímọ̀ ẹranko ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó débẹ̀ ní 1964, ń tẹ̀ lé ìkookò kiri lóru. Ó rí i pé nínú kòtò yìí, ìkookò ló sábà máa ń pa ẹran tí kìnnìún á wá gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá jí dé ibẹ̀ láàárọ̀ á rò pé ìkookò ló wá ṣagbe.

Àwọn abo kìnnìún ń ṣọdẹ tiwọn o, àwọn ló sì nilé: ọmọbìnrin kì í sábà kúrò lọ́dọ̀ ìyá, wọ́n sì máa ń fún ọmọ ara wọn lọ́mú. Akọ ló ń wá, tó ń lọ. Bí akọ tuntun bá gba ilé, á pa àwọn ọmọ kéékèèké kí ìyá wọn lè tètè gba akọ.

Síbẹ̀, bí kìnnìún ṣe lágbára tó, eṣinṣin lásán ti ṣẹ́gun wọn rí nínú kòtò yìí. Ní 1962, lẹ́yìn àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò, eṣinṣin amùjẹ̀ bo kìnnìún débi pé ara wọn di egbò, wọn ò lè ṣọdẹ mọ́. Àwọn kan ń gungi, àwọn mìíràn sì ń sá wọ ihò ìkookò! Nǹkan bíi mẹ́wàá péré ló ṣẹ́ kù. Akọ àjèjì méje ló wọlé lẹ́yìn náà, àmọ́ láti ìgbà yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbátan ló ń gun ìbátan, torí àwọn onílé kì í gba àlejò láyè.

Awakọ̀ wa, ọmọ Maasai tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní ọmọ ìyá ni àwọn méjì tí à ń wò yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lé àjèjì kan padà sórí òkè.