Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Mo Fi Pamọ́

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo fi pamọ́: ojú oórì. Mi ò pa á rẹ́ o. Mo kàn yọ àmì kúrò nínú àpótí kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà mi ní Ìlọrin ni. Ní ọjọ́ kẹta, dígà ti ń fọ́ sìmẹ́ńtì tó wà lórí ìyá bàbá mi ní Òmù-Àrán.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́.

Ilé bàbá àgbà mi ni ẹbí fẹ́ tún ṣe. Wọ́n fẹ́ fi yàrá mẹ́rin kún un lẹ́yìn, kí wọ́n kọ́ ilé ìwẹ̀ tuntun, kí wọ́n sì máa gba owó ilé lórí ẹ̀. Àwòrán ilé ni mo ń yà jẹun, torí náà ọ̀dọ̀ mi ni iṣẹ́ já sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ta ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí?

Lọ́jọ́ tí mo lọ wọn ilé náà, Bàbá Ńlá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń tẹ̀ lé mi kiri pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dúró lórí sìmẹ́ńtì gbalasa. Wọ́n ní, "Ibí ni ìyá wa wà." Kò sí táìsì, kò sí orúkọ. Nígbà tí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé láyé ọjọ́un, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹsẹ̀ ni Bàbá Ńlá fi mọ̀ ọ́n: ìṣísẹ̀ méje láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná àtijọ́. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, Revit ni mo ń lò. Kì í ṣe ilà lásán là ń fà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí o bá gbé síbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn lòun, ó mọ ìbú rẹ̀, ó mọ gíga rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni family. Ẹbí. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Mo ṣe ẹbí kan fún ojú oórì náà. Mo fa ilà já-n-já yí i ká, ó gùn díẹ̀ ju bí èèyàn ṣe gùn lọ, mo wá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kíkọ yìí ní wàhálà tirẹ̀. Tó o bá kàn kọ ọ́ tààrà sínú ẹbí náà, ibi tó o ti ń ṣe é ló máa jókòó sí. Nígbà tó o bá gbé e dé inú àwòrán ilé, o ò ní rí i. Àfi kó o ṣe ọ̀rọ̀ náà ní ẹbí kékeré tirẹ̀, kó o wá gbé e sínú ikùn ẹbí ńlá. Ẹbí nínú ẹbí, bí agboolé gẹ́ẹ́. Èrè rẹ̀ ni pé bó o bá fẹ àwòrán tàbí o sún un kì, ìwọ̀n ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé kì í yí padà.

Lẹ́yìn náà, mo so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àpótí bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́. Fi àmì sí i, ọ̀rọ̀ yọjú. Yọ ọ́, ọ̀rọ̀ sá pamọ́. Níbi tí a ti ń ṣe ẹbí, ọ̀rọ̀ tó sá pamọ́ ṣì máa ń hàn ràkọ̀ràkọ̀ bí òjìji, kí ẹni tó ṣe é lè mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán ilé, òjìji gan-an ò sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àǹtí bàbá mi pè mí. "Àjàní, ẹnì kan fẹ́ sanwó yàrá méjì sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí àwòrán. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó rí ojú oórì yẹn. Ta ló fẹ́ gba ilé tí òkú wà?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mà."

Mo yọ àmì kúrò nínú àpótí, mo fi tiwọn ránṣẹ́. Iná ń lọ, ó ń bọ̀, mo sì ń kánjú. Kí n tó sùn, mo tún fi ìwé àwọn bíríkìlà ránṣẹ́.

Ohun tí mo gbàgbé nìyí, èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní nǹkan yìí rí: àpótí yẹn kì í ṣe ti ìwé kan ṣoṣo. Ti nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni. Tó o bá ti pa á, o ti pa á nínú gbogbo ìwé. Tó bá jẹ́ pé ìwé kan lo fẹ́ kó fi pamọ́ kí òmíràn sì fi hàn, ìwé yẹn ló yẹ kó o bá sọ̀rọ̀. Inú Visibility/Graphics ìwé àǹtí mi ló yẹ kí n lọ, kí n pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ nìkan. Tàbí kí n so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìpele Coarse, Medium àti Fine, kí n wá yan ìpele fún ìwé kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó tún burú jù ni pé ọ̀rọ̀ nìkan ni mo so mọ́ àpótí. Ilà já-n-já ṣì wà ńbẹ̀. Kí ni bíríkìlà wá rí? Àpótí onílà já-n-já ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá ilé ìwẹ̀ tuntun, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí lẹ máa pè é? Soakaway. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ.

Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé orúnkún kí Bàbá Ńlá tó jáde. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí kòtò, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ àwọn. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi pè mí.

"Àjàní, kí lo kọ síbí?"

"Ojú oórì ni mo kọ, sà."

"Kò sí nínú ìwé."

Mo wọ mọ́tò lọ sílé lọ́jọ́ náà. A dúpẹ́ pé wọn ò tíì kàn án. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Bíríkìlà ń bẹ̀bẹ̀ jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ṣe nǹkan kan. Àǹtí ń sunkún. Bàbá Ńlá ò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ohun tí o ò fẹ́ kí àlejò rí, ṣé ó wá yẹ kí ọmọ ilé náà má rí i?"

Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé ògbó tó mọ ọ̀nà ló bí orúkọ Ìgbómìnà. Dígà ò mọ ọ̀nà o. Ibi tí ìwé bá ní kó lọ ló ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ara mi ò balẹ̀ láti padà sí Ìlọrin, ni mo bá yà sí Èsìẹ́. Kò jìnnà sí wa. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ CMS, ló rí wọn lọ́dún 1933, bí ẹni pé àwọn ará Èsìẹ́ tó ti ń bọ wọ́n tipẹ́ kò lójú.

Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ àwọn ère yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó wò wọ́n dáadáa. Ẹnì kan jókòó sórí àpótí. Ẹnì kan mú idà dání. Ilà wà lójú àwọn míì. Ẹni tó gbẹ́ wọn mọ ẹni tí ó ń gbẹ́. Lónìí, ìrísí ló kù, ọ̀rọ̀ ti lọ. Àwọn kan ní àlejò ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń na ọwọ́ sí Ifẹ̀, wọ́n ń na ọwọ́ sí Nupe. Phillips Stevens kọ odidi ìwé lé wọn lórí lọ́dún 1978. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pe ọ̀kan nínú wọn lórúkọ. Kálukú ń ka ilà já-n-já bó ṣe yé e, bíi bíríkìlà tiwa.

Mo ti tún ẹbí náà ṣe. Ilà àti ọ̀rọ̀ ti di ọ̀kan, kò sí èyí tó lè lọ kó fi èkejì sílẹ̀. Kò sí àpótí bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ìwé tí kò bá yẹ kó rí i, ìwé yẹn ni mo máa ń pa á fún.

Nígbà tí wọ́n ń da sìmẹ́ńtì tuntun sí ojú ibẹ̀, Bàbá Ńlá ní kí n mú ìṣó wá. Kó tó gbẹ, mo fi kọ orúkọ ìyá wa sí i, àti ọdún tí wọ́n lọ. Ẹni tí Àǹtí ń bẹ̀rù pé kó má rí i wá wo yàrá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó rí orúkọ náà, ó béèrè ẹni tó jẹ́, Bàbá Ńlá sọ fún un. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè iye owó yàrá.