Kí A Tó Wọkọ̀ Lọ Wo Àbùùbùtán

  

Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, àwọn àbùùbùtán máa ń wá jẹun létíkun Virginia Beach. Mọ́tò lè gbé wa débẹ̀ láti Clinton ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wà ní Rudee Inlet tí wọ́n ń gbé èrò lọ wò wọ́n, ìrìn náà sì máa ń gbà tó wákàtí méjì sí méjì àbọ̀ lórí omi.

Ohun kan wà tí mo ti rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí àwa Yorùbá bá lọ sírú ibẹ̀. Àwọn ọmọ á wọkọ̀, àwọn àgbà á dúró sébùúté. Ìyá á ní òun ń ṣọ́ ẹrù nínú mọ́tò, bàbá á ní òtútù ti pọ̀ jù. Òtútù kọ́, ẹ̀rù omi ni. Mi ò bá wọn wí. Ìkìlọ̀ pé ká má sún mọ́ òkun la fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà, pàápàá ẹni tó gbé Èkó nígbà tí omi Bar Beach ṣì ń ya wọ títì, kí wọ́n tó fi yanrìn dí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá rí ohun ńlá tí kò sí ẹni tirẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n á jọ sọ ọ́, ọ̀rẹ́ ilé ìwé ló máa lọ sọ ọ́ fún, yóò sì parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin òbí ju sí àwọn ọmọ lọ. Ẹ jẹ́ ká múra, ká sì jọ wọkọ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: omi tí à ń lọ wò kì í ṣe àjèjì sí wa. Odò kékeré tó ń ṣàn gba agbègbè Clinton, Piscataway Creek, inú Potomac ló ń já sí lẹ́bàá Fort Washington. Potomac á ṣàn lọ sísàlẹ̀, á wọ Chesapeake Bay ní Point Lookout. Chesapeake náà á gba àárín Cape Charles àti Cape Henry wọ òkun Àtìláńtíìkì, ẹ̀bá Cape Henry yẹn sì ni Virginia Beach wà. Òjò tó rọ̀ sórí òrùlé wa ní Woodyard Road, ọ̀dọ̀ àbùùbùtán ló ń lọ. Ẹja wẹ́wẹ́ tí àbùùbùtán sì ń wá jẹ, menhaden, inú Chesapeake wa yìí ló ti ń dàgbà. Ìbátan ẹja ṣáwá tí a mọ̀ nílé ni, eegun rẹ̀ pọ̀, òróró rẹ̀ pọ̀.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún ẹranko yìí ti sọ̀rọ̀ tán: ohun tí a bù, tí a bù, tí kò tán. Ẹ dán an wò lára àwọn ọmọ yín nílé, wọ́n á mọ whale, wọn ò ní mọ àbùùbùtán. Ká máa pè é ní ẹja ńlá lọ́rọ̀ ẹnu, bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú ìtàn Jónà, kò burú, àmọ́ kì í ṣe ẹja rárá. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí lòun náà ń mí. Ó ń bímọ, ó sì ń fọ́mọ lọ́mú. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ yọrí sókè, tí èémí rẹ̀ á tú sókè bí èéfín. Èémí yẹn lẹ ó kọ́kọ́ rí lókèèrè, kì í ṣe ara rẹ̀.

Èyí tó ń wá sí Virginia ni wọ́n ń pè ní humpback, bí ẹni ń sọ pé abuké, nítorí bó ṣe ń ká ẹ̀yìn nígbà tó bá fẹ́ rì. Àgbà rẹ̀ lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 45, kó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 30. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dúró sí Virginia nígbà òtútù, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Ní ìgbà ooru, Maine àti Kánádà ni àwọn humpback ti ń jẹun. Tí òtútù bá dé, àwọn àgbà á kọjá lọ sí West Indies lọ gùn, lọ bímọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn rí oúnjẹ lójú ọ̀nà, wọ́n bá dúró. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọdún 17 nílé mọ irú ẹ̀.)

Ilé náà ní tirẹ̀ o. Àwọn humpback mìíràn máa ń ti òkun tútù ní ìsàlẹ̀ ayé wá sí etíkun Benin, Togo àti Gánà láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá láti bímọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọmọ rẹ̀ pé nǹkan òyìnbó nìyí.

Ó yá, ìmúra wá kù. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ẹ sì pe ọlọ́kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún pè é kí ẹ tó kúrò nílé. Afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Oòrùn lè máa ràn ní Clinton kí ìgbì sì ga lórí òkun, wọ́n á fagi lé ìrìn náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń dá owó padà. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ ní yàrá tó gbóná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí Màmá bá ti Nàìjíríà wá wo ọmọ-ọmọ, ẹ béèrè nípa àtẹ̀gùn pẹ̀lú.

Ní ti aṣọ, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Gèlè ò ṣeé wé lọ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ò mọ iyì aṣọ òkè. Agbádá á sì di ìgbòkun mọ́ yín lọ́rùn. Aṣọ lé aṣọ ni: síńgílẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà, ká wá fi jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò lè wọ̀ lé e. Fìlà onírun tó bo etí, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bàtà onírọ́bà ni kí ẹ wọ̀ torí ilẹ̀ ọkọ̀ máa ń yọ̀. Òtútù orí omi ju ti orí ilẹ̀ lọ, ọmọ tó bá sì ti ń gbọ̀n, kò ní rí àbùùbùtán tó bá fò sókè níwájú ẹ̀.

Ikùn lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ má jẹ ẹ̀bà tàbí ọbẹ̀ aláta láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má sì lọ pẹ̀lú ikùn òfìfo. Búrẹ́dì gbígbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tíì tí a fi jíńjà sí, wọ̀nyẹn ti tó. Òògùn òòyì ọkọ̀, irú Dramamine, wà lórí àtẹ ní gbogbo ilé òògùn, ṣùgbọ́n ìgbà tí a ṣì wà lórí ilẹ̀ la ń lò ó, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí èébì bá ti dé, òògùn ti pẹ́. Ìwọ̀n tọmọdé yàtọ̀ sí tàgbà, ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, wọn ò wọ́n. Ẹni tí òòyì bá ń kọ́ lórí omi, kó jáde síta, kó dúró láàárín ọkọ̀, kó tẹjú mọ́ ibi tí òkun àti ojú ọ̀run ti pàdé. Kó má wo fóònù rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà, tiyín rèé. Òfin ní kí ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó wà nínú ọkọ̀ fún gbogbo èrò, títí kan tọmọdé. Kí ẹ tó jókòó, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tó wà hàn yín. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín wọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́, kí ojú má tì yín. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Ìwádìí tí USA Swimming Foundation gbé jáde ní 2017 sọ pé nínú 100 ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, 64 ni kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ tàbí tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Èyí kan ilé wa. Ẹ forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ odò wíwẹ̀, àbùùbùtán ìbáà wà, ìbáà máà sí.

Nípa ti ọ̀nà, èmi ò fẹ́ràn I-95 láàárọ̀. Ẹ gba Branch Avenue lọ sí Waldorf, kí ẹ gba 301 kọjá La Plata dé afárá tó dábùú Potomac. Afárá tuntun nìyẹn, wọ́n ṣí i ní 2022. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́, nọ́ńbà mọ́tò ni wọ́n ń yà. Láti ibẹ̀ ẹ ó dé Richmond, kí ẹ wá gba I-64. Lórí afárá yẹn, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé nígbà ooru, dolphin máa ń wọ inú Potomac nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn olùwádìí Georgetown University ti dá èyí tó lé ní 1,000 mọ̀ láti 2015, wọ́n sì ń fi orúkọ àwọn olóṣèlú àtijọ́ Amẹ́ríkà pè wọ́n. Ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n rí ọ̀kan tó ń bímọ lójú wọn.

Kí ẹ tó dé Norfolk, ọ̀nà á wọ abẹ́ omi ní Hampton. Ọmọ á pariwo, ó yẹ kó pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ pa rédíò díẹ̀. Lápá òsì yín, kí ẹ tó wọ ihò yẹn, ni Point Comfort wà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ White Lion gúnlẹ̀ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1619, pẹ̀lú àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní ogún, tí wọ́n kó láti Àǹgólà. Kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n, àmọ́ omi yìí kan náà ló gbé wọn wá, wọn ò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Karùn-ún 1861, àwọn ẹrú mẹ́ta wa ọkọ̀ kékeré lórí omi yẹn lóru, wọ́n sá wọ Fort Monroe tó wà níbẹ̀, ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ sì kọ̀ láti dá wọn padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tí òbí lè sọ fún ọmọ lójú ọ̀nà nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò lè bá wa sọ ọ́ bí a bá rán wọn lọ ní àwọn nìkan.

Ẹ tún sọ fún wọn pé òkun kì í ṣe zoo. Ọjọ́ mìíràn, àbùùbùtán ò ní yọjú. Ẹ ó rí ẹyẹ gannet, funfun, tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, tó ń já bọ́ sínú omi bí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ jù. Níbi tí wọ́n bá ti ń já bọ́ báyẹn, ẹja wà lábẹ́, kí ẹ tẹjú mọ́ ibẹ̀. Ẹ lè rí dolphin, ẹ lè rí seal. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kó máa fa igi kan fún ohunkóhun tó bá rí.

Ọkọ̀ ò ní sún mọ́ wọn bí ẹ ṣe fẹ́, kí inú má bí yín. Òfin 1972 tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko òkun ò gbà pé kí ẹnikẹ́ni máa yọ wọ́n lẹ́nu. Ti irú kan tí wọ́n ń pè ní right whale, tí kò tó 400 mọ́ ní apá òkun yìí, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní yáàdì 500, bíi pápá bọ́ọ̀lù márùn-ún. Ìdí ẹ̀ wà. Láti oṣù Kìíní 2016 ni òkú humpback ti ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ létíkun láti Maine dé Florida, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sì yẹ̀ wò ló ní àmì pé ọkọ̀ ló kọlù wọ́n. Ẹnu Chesapeake yẹn gan-an ni ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gbà wọlé sí Norfolk àti Baltimore, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ yìí ti ń jẹun. Lára ẹrù tó ń gba ibẹ̀ ni àga àti tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ wa.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo abẹ́ ìrù rẹ̀ dáadáa nígbà tó bá fẹ́ rì. Funfun àti dúdú ibẹ̀ ò bá ara wọn mu láàárín méjì, bí ìtẹ̀ka wa, òun ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ láti ọdún dé ọdún. Kí ẹni tó bá rí i ya àwòrán ìrù yẹn, kó kọ ọjọ́ tó rí i àti ẹni tí wọ́n jọ wà lórí ọkọ̀, kó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí.