Wíwá Ilé Nítòsí Rélùwéè l'Ágége

Ìkòròdú ni àbúrò mi ń gbé, ojú ọ̀nà Ọba Akran n'Íkẹjà ni ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ wà. Ìdájí ló ń kúrò nílé, síbẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kó tètè dé. Ló bá ní Agége lòun máa kó lọ, nítòsí rélùwéè. Mo tẹ̀ lé e lọ wá ilé.

Rélùwéè Red Line la wọ̀ láti Ìkẹjà, káàdì Cowry la fi sanwó. Ààrẹ Tinubu ló ṣí rélùwéè náà ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá. Kìlómítà 27 ni láti Àgbàdo dé Òyìngbò, ibùdókọ̀ mẹ́jọ ló sì wà lójú ọ̀nà náà. Béèyàn bá ti kúrò n'Íkẹjà, Agége ló kàn.

Ilé àkọ́kọ́ lẹ́wà lójú títì. Nígbà tá a wọlé, omi ti fa ìlà dúdú sára ògiri, ó ga tó orúnkún. Agẹ́ǹtì ní ọ̀dà ni wọn ò tíì kùn. Obìnrin kan tó ń fọṣọ létí kànga mi orí: "Bùọ̀dá, ẹ padà wá lásìkò òjò."

Ìkejì dáa: yàrá kan àti pálọ̀, mítà tiẹ̀ dá wà. Ṣùgbọ́n owó ọdún méjì ni agẹ́ǹtì ń béèrè, yàtọ̀ sí owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ilé bá jẹ́ ₦500,000 lọ́dún, tí wọ́n sì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ fún àgírímẹ́ǹtì, tí wọ́n tún gba bẹ́ẹ̀ fún kọmíṣọ̀n, ₦1,100,000 ni òṣìṣẹ́ máa kó sílẹ̀ kó tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé.

Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 lòdì sí gbígba owó ọdún méjì bẹ́ẹ̀. Onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi, ẹni tó san án náà jẹ̀bi: ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ GRA Ìkẹjà, Àpápá, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, kò yọ Agége. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ fún bàbá onílé fúnra rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú, owó ọdún kan ni mo mú wá. Iṣẹ́ mi ò jìnnà, ẹ ò ní wá mi tì."

Bàbá wò ó títí. "Ṣé o ti níyàwó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá gbà. Ó kọ rìsíìtì bí òfin ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́: orúkọ àwọn méjèèjì, iye owó, àdírẹ́sì ilé àti àkókò tí owó náà wà fún.

Nígbà tá a ń padà lọ, àbúrò mi wo àkókò ọkọ̀ dáadáa ní ibùdókọ̀, nítorí rélùwéè kì í rìn léraléra bíi dánfó. Ti ọjọ́ tí iṣẹ́ òru bá kàn án, ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ayálégbé bíi tiẹ̀: Pẹ́ẹ̀nì Sinimá l'Ágége ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìkẹjà.